Ọbẹ̀ Rẹ Kò Jóná Tó

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Eyínfúnjowó,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú àárẹ̀ ìlú ńlá. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ tó máa ń wú ti fà? Ṣé o ń rí oorun sùn? Ọlọ́run tó mú ọ jáde nílé yìí pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo yóò jẹ́ kí ilé rẹ kún. Iná tí o ń dá kò ní jó ọ, ọwọ́ tí o fi ń sebẹ̀ kò ní rọ, ẹni tó bá jẹun lọ́wọ́ rẹ kò ní fi inú rírun dá ọ lóhùn. Bí o bá ń ka ìwé yìí lórí ìdúró, jọ̀wọ́ wá ibì kan jókòó sí, nítorí ó gùn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ju ọ̀rọ̀ ìdúró lọ.

Mo mọ̀ pé wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Màmá fi ń kọ ìwé nígbà tí fóònù wà nílé. Fóònù wà, kò ṣe nǹkan kan, mo fi aṣọ bò ó lórí àga kí òtútù má bàa mú un. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, irọ́ ni màá pa. Mo ti pa ọ̀kan ná. Lọ́jọ́ tí o pè tí o bi mí bóyá ẹrù rẹ ti dé, mo ní awakọ̀ kò tíì dé. Ó ti dé o, ọmọ mi. Ìwé kò lójú tó fi ń wo ènìyàn, kì í sì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ni lẹ́nu, ìdí nìyí tí mo fi wá bírò.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé. Ara wa le. Ewúrẹ́ wa ti bímọ, akọ kan wà nínú wọn tó burú, ó jẹ ọṣẹ tí mo fẹ́ fi fọṣọ, odindi ọjọ́ kan ló fi ń yọ ìfófòó lẹ́nu bí ẹni tó ń wàásù. Káfíńtà tó wà níwájú ilé wa ti bá mi ṣe ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó lẹ́wà, ó sì ń tì dáadáa, àmọ́ láti ìta nìkan, nítorí náà tí mo bá wà nínú ilé ìdáná, mo máa ń bẹ àwọn tó ń kọjá kí wọ́n má ràn mí lọ́wọ́ tì í. Omi kànga ti fà sísàlẹ̀, okùn wa kò tó o mọ́, a ti so aṣọ àtijọ́ mọ́ ọn kó lè dé ibẹ̀.

Báńkì tí o ní kí n lọ, mo lọ. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ bọ̀wọ̀ fún mi, ó fún mi ní káàdì, ó sọ nọ́ńbà àṣírí kan sí mi létí, ó sì kìlọ̀ fún mi gidigidi pé mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láyé, ìbáà ṣe ọmọ bíbí inú mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ni mo bá dé iwájú ẹ̀rọ tó ń pọ owó níta, mo kí i, ohun àkọ́kọ́ tó béèrè lọ́wọ́ mi ni nọ́ńbà àṣírí náà. Mo ní rárá. Ó tún béèrè, mo ní èmi kì í ṣe ẹni tí à ń tàn jẹ. Ọkùnrin tó tò sẹ́yìn mi ní Ìyá, ẹ tẹ̀ ẹ́, mo wojú òun àti ẹ̀rọ náà, mo mọ̀ pé àwọn méjèèjì ti jọ gbìmọ̀, mo fa káàdì mi yọ, mo wá sílé. Nítorí náà kí ọkàn rẹ balẹ̀, owó tí o fi ránṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, èmi gan-an kò fọwọ́ kàn án.

Ohun kan tún wà tí kò jẹ́ kí n sinmi. O ní àwọn ènìyàn tó lè kún ọjà ló ń tẹ̀lé ọ nínú fóònù nítorí ọbẹ̀. Ọmọ mi, kí ni wọ́n ń wá? Ẹni tó fẹ́ràn ẹni kì í tẹ̀lé ni lẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ ni ó máa ń rìn. Tí o bá ń jáde nílé, máa yí ọ̀nà padà, má sì jẹ́ kí wọ́n mọ ilẹ̀kùn rẹ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ jókòó. Mo ti ro gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí o ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi. O wà níbi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gba ìpè àwọn tí inú ń bí, tí ẹni tí o kò rí rí yóò máa bú ọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ìwọ yóò sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. O ní lọ́jọ́ kan òjò ń rọ̀, o ra oúnjẹ inú kọ́ọ̀bù tí wọ́n máa ń da omi gbígbóná lé, o jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ yín, o bù ú sẹ́nu, ẹkún sì gbé ọ. O ní kì í ṣe pé oúnjẹ náà burú, o kàn ní o kò mọ ẹni tó sè é, ẹni tó sè é náà kò sì mọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ o wá ẹja yíyan kiri títí o fi rí i, o gbé ọbẹ̀ ilé wa kaná nínú yàrá rẹ, níbi tí ibùsùn àti ìdáná ti ń wo ara wọn lójú. Onílé rẹ kan ilẹ̀kùn, ó ní òórùn kí ni èyí, o bẹ̀ ẹ́, o ṣí fèrèsé. Kò pẹ́ ó tún kan ilẹ̀kùn, abọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Onílé jẹ, àwọn tí ẹ jọ ń gba èébú níbi iṣẹ́ jẹ, àwọn ọmọ ọlọ́mọ tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí wọ́n kò mọ ìgbà tí wọ́n rí ìyá wọn gbẹ̀yìn, wọ́n ń wá gbọ́bẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ. O wá fi iṣẹ́ fóònù sílẹ̀. Ká ní bàbá yín wà láyé, wọn ì bá pariwo kí àdúgbò gbọ́. Èmi kò pariwo, àdúrà ni mo gbà, mo sì sunkún díẹ̀.

O rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró, níbi tí ọkùnrin tó ń tún aago ṣe wà tẹ́lẹ̀. O wá fi ohùn rẹ ránṣẹ́ sínú fóònù, irú èyí tó máa ń sọ̀rọ̀ lọ láìdúró de ìdáhùn. Mo kí i, kò jẹ́ mi. Mo ní kó ní sùúrù kí n sọ omi kalẹ̀, kò ní sùúrù. Mo ní láti gbọ́ ọ lágbọ́túngbọ́ kí n tó mọ ibi tó ń lọ. O ní o ti di ọbẹ̀ rán sí mi, kí n tọ́ ọ wò, kí n sì sọ òótọ́. O ní gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé ó dùn, ṣùgbọ́n nǹkan kan kù tí o kò mọ̀, o sì ti ń gbàgbé bí ti ilé ṣe rí lẹ́nu. O ní tí mo bá ní òun náà ni, wàá tọwọ́ bọ̀wé ṣọ́ọ̀bù náà, tí mo bá ní òun kọ́, wàá padà síbi iṣẹ́ fóònù, wọ́n ṣì fi àga rẹ sílẹ̀ fún ọ. O ní ẹnu mi nìkan lo gbẹ́kẹ̀ lé.

Awakọ̀ náà dé, èyí tí à ń pè ní Máṣáré nítorí pé àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn máa ń kọjá lára ọkọ̀ rẹ̀. Ó gbé ike náà lé mi lọ́wọ́, ó tutù rinrin. Mo ṣí i, òkúta pupa ni mo rí. Mo kígbe mọ́ Máṣáré, mo ní kó gbé ọbẹ̀ ọmọ mi jáde, kó mú òkúta rẹ̀ lọ. Ó fi orí ìyá rẹ̀ búra pé ọbẹ̀ ni, ó ní ẹ̀rọ òtútù ni wọ́n gbé e sí kó má bàa bàjẹ́ lọ́nà, kí n gbé e sínú oòrùn. Mo gbé e sínú oòrùn, mo jókòó tì í pẹ̀lú igi lọ́wọ́ nítorí ewúrẹ́ yẹn, mo ń wo ọbẹ̀ ọmọ mi bó ṣe ń làágùn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rántí pé ọbẹ̀ lòun. Mo gbé e kaná, mo bù ú, mo dúpẹ́, mo fi sẹ́nu.

Ẹnu mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ọmọ mi, ohun tí mo fi pa mọ́ fún ọ nìyí. Ibà tó mú mi nígbà òjò, mo sọ fún ọ pé ibà kékeré ni. Kì í ṣe kékeré. Nígbà tó ń lọ, kò lọ lọ́wọ́ òfo, ó gbé adùn ẹnu mi lọ, ó sì gbé òórùn imú mi kún un. Iyọ̀ àti iyanrìn ti di ọ̀kan náà lẹ́nu mi. Ata nìkan ló ṣì máa ń ta mí, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ni, kò dùn. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn tó ń ṣe iyọ̀ ni kì í fi iyọ̀ sí i mọ́. Mo pààrọ̀ oníyọ̀, mo bá ẹni àkọ́kọ́ jà, mo bá ẹnì kejì jà. Ìgbà tí káfíńtà wá ṣe ilẹ̀kùn, tí mo gbé oúnjẹ fún un, tó bù ú lẹ́ẹ̀kan, tó mu gbogbo omi inú agolo, tó wá sọ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun nílé ni, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe iyọ̀ ló lẹ̀bi.

Mo lọ sílé ìwòsàn wa. Nọ́ọ̀sì ní ó lè padà, ó sì lè má padà. Ó ní láràárọ̀ kí n máa gbóòórùn àlùbọ́sà àti ọsàn kí imú lè rántí iṣẹ́ rẹ̀. Mo ń ṣe é. Mo máa ń gbé àlùbọ́sà sí imú lójú fèrèsé, màá kí i, màá sọ fún un pé èmi ni o, kò tíì dá mi lóhùn. Gbogbo ìgbà tí o ń pè mí láti bi mí pé ṣíbí iyọ̀ mélòó, pé epo ni kó kọ́kọ́ gbóná ni tàbí ata, inú ìrántí ni mo ti ń mú un fún ọ, bí ẹni tó ń tọ́ ẹlòmíràn sọ́nà ilé tí òun fúnra rẹ̀ kò lè wọ̀ mọ́.

Èrò kan wá sí mi lọ́kàn pé kí n kàn pè ọ́ kí n ní òun náà ni, ó dùn, lọ tọwọ́ bọ̀wé. Mo ti gbé fóònù jáde lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Tí o bá fi irọ́ mi ṣí ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn ènìyàn jẹ, tí wọ́n jẹ, tí nǹkan tó kù yẹn kò sì yé ọ títí, o ó máa rò pé ilé gan-an ló ti yí padà. Mo dá fóònù padà. Mo jókòó. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó mọ ọbẹ̀ yẹn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ẹni náà sì ni Ìyá Kékeré.

Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti sin bàbá yín, èmi àti orogún mi kò bá ara wa sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi. O kò mọ ohun tó dá a sílẹ̀, ojú ń tì wá láti sọ ọ́ fún ẹ̀yin ọmọ. Ọlọ Ìyá Àgbà ni. Ìyá bàbá yín ló kọ́ àwa méjèèjì lọ́bẹ̀, orí ọlọ kan náà la ti lọ ata. Nígbà tí wọ́n ń pín ẹrù lẹ́yìn ìsìnkú bàbá yín, èmi ní èmi ni ìyálé, tèmi ni. Ó ní òun lòun wẹ Ìyá Àgbà tí òun sì ń fún wọn lóúnjẹ títí ẹ̀mí fi bọ́, tòun ni. Mo gbé ọlọ wọlé, òun náà gbé ọmọ ọlọ wọlé. Láti ọjọ́ náà, èmi ní ọlọ tí mi ò lè fi lọ nǹkan kan, òun ní ọmọ ọlọ tí kò ríbi gbé e lé. Àwa méjèèjì wá ń ru ata lọ sílé ẹ̀rọ, bí a bá sì pàdé níbẹ̀, kálukú á máa wo ata tirẹ̀.

Mo gbé abọ́ náà, mo gba àgbàlá kọjá. Oòrùn kò tíì wọ̀. Ilẹ̀ tó jẹ́ pé adìyẹ lè fò ó, ó jìn fún mi ju ọ̀nà oko lọ. Ìyá Kékeré ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí mi, ó dìde, ẹ̀wà dà sílẹ̀, ó ní ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, ẹnu mi ló kú.

Ó ní òun ti mọ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń rí mi tí mo ń bá àlùbọ́sà sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé ni òun ti mọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pe òun sí i, òun kò sì fẹ́ kí wọ́n ní òun ń yọ̀ mí. Ó fa àpótí kan fún mi, ó ní ìyálé òun, ẹ jókòó. Mo jókòó. Mo gbé abọ́ sí i níwájú, mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ fún un, ti àtẹ̀gùn, ti onílé rẹ, ti ṣọ́ọ̀bù aláago. Ó fọ ọwọ́, ó bù ú sẹ́nu, ó di ojú. Èmi ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹnu adájọ́. Ó tún bù. Ó jẹ ẹja. Ó lá ìka. Ó ní ọwọ́ Ìyá Àgbà ni, kò sí àríyànjiyàn, ó ní iyọ̀ rẹ̀ jókòó, ata rẹ̀ kò sáré, ẹja rẹ̀ kò fọ́. Mo ti ń dìde kí n lọ pè ọ́. Ó ní kí n jókòó, òun kò tíì parí. Ó ní ọbẹ̀ náà mọ́ jù.

Mo ní báwo ni ọbẹ̀ ṣe ń mọ́ jù. Ó ní kò jóná. Ó ní kò sí ọjọ́ kan tí ọbẹ̀ ilé yìí kì í jó nídìí, ó ní ohun tí ọmọ wa ń wá kiri ìlú ńlá tí kò rí nìyẹn, ó dára ju ti ilé lọ, àbùkù rẹ̀ sì nìyẹn. Inú fẹ́ bí mi. Mo ní ta ló gbé ọbẹ̀ jíjó fún bàbá yín jẹ. Ó ní èmi àti òun, àti ìyá tó bí i ṣáájú wa.

Òótọ́ ló sọ, ọmọ mi. Nígbà tí àwa méjèèjì wọlé ọkọ, ojú Ìyá Àgbà ti ń ṣú, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Wọn kì í rí èéfín àkọ́kọ́, ìgbà tí òórùn bá kan imú wọn ni wọ́n máa ń fa igi. Ta ni yóò sọ fún wọn? Àwa ìyàwó rò pé bí wọ́n ṣe ń sè é nìyẹn, a kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a fi máa mọ̀ pé ojú ló fà á, ó ti mọ́ gbogbo ilé lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí kò bá jó, bàbá yín á ti abọ́ sẹ́yìn, wọ́n á ní irú ọbẹ̀ àlejò wo lèyí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń jẹ́ kó jó lójoojúmọ́, tí a ń pè é ní òórùn ilé wa, títí èmi gan-an fi gbàgbé pé jíjó ni. Nígbà tí Ìyá Kékeré rán mi létí rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín títí tí káfíńtà fi wá yọjú láti wò ó bóyá ìjà ni.

Lọ́jọ́ kejì a jọ sè é. Mo gbé ọlọ jáde, ó gbé ọmọ ọlọ jáde, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ó kàn kúnlẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ata. Èmi mú ti iná. A gbé ìkòkò kalẹ̀ lórí ààrò, a da epo sí i, àlùbọ́sà, ata, a wá jókòó dè é kó jó. Ó ṣòro, má jẹ́ kí n tàn ọ́. Ó ṣòro fún obìnrin méjì tó ti dàgbà kí wọ́n máa wò ó kí ọbẹ̀ máa jó. Ọwọ́ mi ń lọ fúnra rẹ̀ láti fa igi, Ìyá Kékeré gbá a mọ́lẹ̀. Kò pẹ́ òun náà sáré dìde láti rò ó, mo di aṣọ rẹ̀ mú. Èmi kò mọ ìgbà tó tó, nítorí imú mi, òun ló ń gbóòórùn, òun ló kígbe pé ó tó. A sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a dà á sínú ìkòkò mìíràn, a fi dúdú ìdí rẹ̀ sílẹ̀, a fi ẹja sí i, a tún gbé e padà.

Nígbà tí Ìyá Kékeré tọ́ ọ wò, ó pe oríkì Ìyá Àgbà. Ó pè é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tó bá ń jí wọn láàárọ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀ sínú abọ́. Èmi náà bù, mo jẹ. Ó gbóná, ẹja rẹ̀ rọ̀, ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ nípa rẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún ọ, inú bí mi díẹ̀. Ó ń jẹ ilé wa níwájú mi, èmi wà nílé, mi ò rí ilé jẹ. Àárò tó sọ ọ́ lórí àtẹ̀gùn ọ̀hún, òun náà ló sọ mí lórí àpótí nínú ilé ìdáná tí mo ti ń dáná kí n tó bí ọ. Mo jẹ abọ́ mi tán. Kò yẹ kó dá jẹ ẹ́.

Nítorí náà gbọ́ bí wàá ṣe ṣe é. Wá ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, gáàsì kò ní sùúrù bíi ti igi. Tí ata àti àlùbọ́sà bá ti ń gbẹ, má rò ó mọ́. Jẹ́ kó di ìdí mú. Tí èéfín àkọ́kọ́ bá yọ, tó sì ń rùn bí aṣọ tí a sá nítòsí iná, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíá, dà á sínú ìkòkò mìíràn, má fi ṣíbí ha ìdí rẹ̀ rárá, nítorí tí o bá ha á, ìkorò ni wàá gbé fún àwọn ènìyàn. Onílé rẹ lè wá kan ilẹ̀kùn. Bẹ̀ ẹ́ kó gbé abọ́ dání.

Ní ti ìwé ṣọ́ọ̀bù, lọ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mi ò wí bẹ́ẹ̀ nítorí pé Ìyá Kékeré ní ọwọ́ Ìyá Àgbà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wí bẹ́ẹ̀. Mo wí bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìwọ lo mọ̀ pé nǹkan kan kù. Gbogbo àwọn tó ń jẹ ẹ́ ní ó dùn, o kò gbà, o ní kò tíì pé. Ẹnu tó mọ ohun tí kò sí níbẹ̀, ẹnu náà tó gbára lé. Ẹnu mi ti fẹ̀yìn tì, Ìyá Kékeré náà kò ní wà títí ayé. Ìwọ ló kù tí ọbẹ̀ yìí wà lẹ́nu rẹ̀. Kí ẹ̀rù má bà ọ́, ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Tí ṣọ́ọ̀bù náà kò bá sì lọ bí a ṣe rò, ilé wà, àpótí wà, ààrò wà.

Ó ku ohun tí mo fẹ́ tọrọ. Nọ́ọ̀sì ní dókítà imú wà ní ilé ìwòsàn ńlá, kí n lọ, Ìyá Kékeré sì ti ní òun yóò sìn mí. Bí ọwọ́ rẹ bá tó o, fi owó ọkọ̀ wa ránṣẹ́, ti àlọ àti ti àbọ̀, kí o sì fi díẹ̀ kún un nítorí okùn kànga. Má fi í sínú ẹ̀rọ tó ń béèrè àṣírí ènìyàn. Fi rán Máṣáré, yóò pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n yóò dé. Ìyá Kékeré ní òun kò fẹ́ nǹkan kan, lẹ́yìn náà ó ní tí ìgò ojú bá wà tí kò wọ́n, òun kò ní dá a padà.

Ọlọ́run yóò tì ọ́ lẹ́yìn. Àwọn tí yóò jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ kò ní jókòó sórí ìbànújẹ́. Ọmọ ọlọ́mọ tó bá wọlé wá pẹ̀lú omijé, á jáde pẹ̀lú ikùn kíkún. Ibi tí ebi àti àárò ti jọ ń pa ọ́, ibẹ̀ ni a ó ti máa wá ọ fún oúnjẹ. Àmín.

Mo tún ní ẹ̀bẹ̀ kan. Lọ́jọ́ tí o bá ṣílẹ̀kùn, kí o tó bu ọbẹ̀ fún oníbàárà àkọ́kọ́, pè mí. Bù díẹ̀ sẹ́nu. Má sọ fún mi pé ó dùn, gbogbo ayé ló ń sọ pé ó dùn. Sọ bó ṣe ń lọ lẹ́nu rẹ fún mi, èyí tó kọ́kọ́ dé, èyí tó tẹ̀ lé e, èyí tó kù lẹ́yìn tí o ti gbé e mì. Sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, má kánjú. Èmi yóò máa jẹ ẹ́ níbí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.